Owó Tó Wà Lẹ́nu Bàbá Inta

"Má fọwọ́ kan ojú rẹ̀! Etí rẹ̀ ni kó o fi ìka dì mú."

Bàbá Inta ló ń pariwo mọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, Daorung, tí gbogbo wa ń pè ní Dao. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí bàbá ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ti tẹ́ńpìlì dé. Yóò fọ ọwọ́, yóò nù ún gbẹ, yóò nawọ́ sókè sí pẹpẹ gíga tó wà lábẹ́ ère Búdà, yóò sì rọra gbé àpótí onígi kékeré kan sọ̀kalẹ̀. Inú àpótí yìí ni àwọn owó fàdákà ìrántí rẹ̀ wà, lórí aṣọ pupa. Orí ọba wà lára owó, nítorí náà kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ na ẹsẹ̀ sí i. Kódà bí owó wẹ́wẹ́ lásán bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ tó ń yí lọ, o kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dúró. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Phayao, ìlú wa, mọ ìyẹn.

Èmi ni aládùúgbò wọn. Chanta ni orúkọ mi. Koríko tó ń léfòó lórí adágún wa ni mo máa ń sá gbẹ tí mo fi ń hun báàgì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Inta ni mo sì máa ń jókòó sí hun ún, torí pé afẹ́fẹ́ adágún ń fẹ́ síbẹ̀ ju ilé tèmi lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, Dao fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

Awakọ̀ lọ́rì yìnyín ni Bàbá Inta nígbà tí ara rẹ̀ le. Nígbàkúùgbà tí ìjọba bá rọ owó ìrántí, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pín in. Ó ní ti ọjọ́ ìbí ọba, ó ní ti ìgbéyàwó ọmọ ọba, ó ní èyí tí wọ́n rọ nítorí àwọn àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tó yàtọ̀. Ọdún tí oyún Buaphan, ìyá Dao, wà nínú ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n rọ ọ́, fún ayẹyẹ ọdún tí ọba ti pẹ́ lórí ìtẹ́. Oyún ti wọ oṣù rẹ̀, síbẹ̀ obìnrin náà kọ̀ láti dúró sílé. Ó ní òun á bá ọkọ òun tò. Orí ìlà ni ọmọ ti mú un! Wọ́n ní inú ìrora ìbímọ náà, ṣe ló di owó yẹn mọ́wọ́ gírígírí títí Buaphan fi ké. Buaphan kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa tí ìyá rẹ̀ fi kú.

Nígbà tí fàdákà wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn yọ́ tiwọn, wọ́n fi rọ bẹ́líìtì àti ẹ̀gbà ọwọ́. Bó ṣe di pé owó yẹn ṣọ̀wọ́n nìyẹn. Àwọn tó ń kó owó ìrántí jọ máa ń wá láti Bangkok, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á máa bẹ bàbá. Yóò fún wọn lómi mu, yóò sì ní, "Ẹ kú àárẹ̀ o. Ẹ ò ní nǹkan kan tó lè rọ́pò rẹ̀."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Saeng. Wọ́n jọ máa ń ta ayò lójoojúmọ́, wọ́n á sì jọ máa bú ara wọn. Saeng ló ń tọ́jú òkú ní àdúgbò wa. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń di ọwọ́ wọn, òun ló ń to igi tí a ó fi sun wọ́n, òun náà ló sì ń fi owó sí wọn lẹ́nu. A kì í sun òkú lọ́dọ̀ wa láìsí owó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ní owó ọkọ̀ ni. Olórí ẹlẹ́sìn wa máa ń sọ pé kí alààyè lè mọ̀ ni, pé èyí tó wà lẹ́nu ẹni pàápàá, a kò lè gbé e lọ. Bí iná bá kú tán, a ó wá owó náà nínú eérú, a ó sì fún ọmọ-ọmọ kan láti fi kọ́rùn.

"Saeng," Bàbá Inta pè é lọ́jọ́ kan tó mú owó ìyàwó rẹ̀ dání, "ọjọ́ tí mo bá kú, èyí ni kó o fi sí mi lẹ́nu. Má fi owó wẹ́wẹ́ tàn mí o."

"Ẹnu wo?" ni Saeng dáhùn. "Ẹnu tó ku eyín ẹyọ kan ṣoṣo bí òpó ilé tó wó yẹn? Kí n sọ owó síbẹ̀, kó tún bọ́ sílẹ̀?"

"O ò lójútì. Jókòó tì mí kó o bá mi dì í mú nígbà náà."

"Ìwọ ṣáà kọ́kọ́ kú ná, arúgbó aláriwo. Ẹnu lásán lò ń ṣe."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá Inta wá yíjú sí Dao, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Lẹ́yìn iná, tìẹ ni, Dao. Èmi àti ìyá rẹ àgbà á ti ríra nígbà yẹn. Kó o máa fi kọ́rùn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, Dao kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀ àgbà torí pé àwọ̀ funfun ti ń bo ẹyinjú bàbá. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rẹ́. Ká ní mo mọ irú ọ̀rẹ́ tó ní nígbà náà ni, ǹ bá ti fi ìgbálẹ̀ lé wọn.

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀ nílé ìwé. Praewa ni olórí wọn. Bàbá rẹ̀ ní ilé ìtajà alùpùpù, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìdíje ijó kan ń bọ̀ ní Chiang Rai, wọ́n sì ti ní kí wọ́n rán aṣọ kan náà fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, aṣọ olówó ńlá tó ń dán yanran. Buaphan ìyá Dao, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹja kíkan, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ títí yóò fi kan, ló ń gé ẹja. Níbo ni yóò ti rí owó irú aṣọ bẹ́ẹ̀?

"Dao, aṣọ ti dé o," ni Praewa sọ lójú gbogbo kíláàsì. "Tìẹ nìkan ló kù tí a ò tíì sanwó rẹ̀. Bí o ò bá lè ṣe é, sọ̀rọ̀. Nipha ti ń bẹ̀ wá látọjọ́ yìí pé òun fẹ́ wọlé."

"Mo máa mú un wá lọ́sẹ̀ yìí."

"Ọ̀sẹ̀ wo? Ọ̀sẹ̀ tí ẹja bá hu irun?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ di imú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ ẹja. Àbí ẹ ò gbóòórùn ni?"

Ọmọ náà sọ fún mi pé ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ yẹn, òun ì bá wọ̀ ọ́. Ìgbà tí wọ́n jáde ni Praewa wá fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, tó ń fi ohùn dídùn bá a sọ̀rọ̀. "Mi ò fẹ́ kó o kúrò lẹ́gbẹ́ o. Ṣebí bàbá yín àgbà ní àpótí fàdákà? Kí ni arúgbó tí ò ríran fẹ́ fi wọ́n ṣe? Lọ bá Thawi tó ń pàtẹ owó àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ó ní ayédèrú oríṣiríṣi. Kó o mú gidi fún un, kó o gba ayédèrú, kó o dá a padà síbi tó wà. Ta ló máa mọ̀?"

Àgùntàn tó bá ajá rìn, yóò jẹ ìgbẹ́. Dao mú owó bíi mélòó kan lọ fún Thawi. Thawi fi ìka tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní wọ́n wọ́pọ̀. Nígbà tó dé orí èyí tí ìyá àgbà dì mọ́wọ́, ó gbé e sí etí ìmọ́lẹ̀. Ó kàn sọ pé, "Eléyìí ni mo fẹ́." Ọjọ́ yẹn náà ló ti fún Dao ní owó aṣọ àti ayédèrú tó jọ ọ́ bí ìbejì. Kí Bàbá Inta tó jí lójú oorun ọ̀sán, àpótí ti padà sórí pẹpẹ.

Wọ́n lọ sí Chiang Rai. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti já wọn. Praewa ní Dao ló ṣi ẹsẹ̀ gbé, kí oṣù sì tó parí, ẹgbẹ́ ti tú, kálukú ti ń bá tirẹ̀ lọ. Aṣọ tó ń dán yanran náà wà lórí ìṣó, Dao ní òun kì í fẹ́ wojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí a ti tẹ́ńpìlì dé, Bàbá Inta gbé owó náà lọ́wọ́, ó sì ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n sókè sódò. "Dao, owó yìí fúyẹ́."

Dao ń tún aṣọ pupa inú àpótí tẹ́.

"Àbí ọwọ́ mi ni? Ọwọ́ àgbà, kò mọ ìwúwo mọ́."

Èmi ni mo dáhùn láti ibi tí mo ti ń hun báàgì. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò jẹun dáadáa ni. Ẹni tí ò jẹun, gbogbo nǹkan ló ń fúyẹ́ lójú rẹ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín. Dao sáré wọlé. Mo rò pé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, mi ò mọ̀ pé ẹkún ló lọ sun.

Nígbà tí òtútù dé, ikọ́ mú Bàbá Inta. Ikọ́ náà kò lọ. Ó di ọjọ́ kan, kò lè dìde mọ́, wọ́n sì gbé e padà sílé láti ilé ìwòsàn pé kó wá sinmi láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní kí wọ́n fún òun ní owó ìyàwó òun, ó sì dì í mọ́wọ́ lórí ẹní.

Ẹsẹ̀ Dao kò balẹ̀. Ó sáré lọ bá Thawi. Ó mú aṣọ ijó rẹ̀ dání, ó mú fóònù rẹ̀, ó ní kó gba gbogbo rẹ̀, kó dá owó náà padà.

"Àbúrò, ó ti lọ," ni Thawi wí. "Ará Bangkok kan ló rà á. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò mọ ilé rẹ̀. Ọjà ni. O tà, mo rà, mo tà."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi àgbà ń kú lọ!"

"Pẹ̀lẹ́ o. Gbogbo bàbá àgbà ló ń kú."

Ó sunkún wálé. Ó wá pinnu pé bí òun ò tiẹ̀ rí owó, òun á jẹ́wọ́, kí bàbá lè dárí ji òun kó tó lọ. Ó kúnlẹ̀ létí ẹní. Ó ní, "Bàbá àgbà, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

"Sọ ọ́, ọmọ mi."

Bàbá la ọwọ́ rẹ̀ kó lè fi pa ọmọ náà lórí. Owó yẹn wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó jọ pé ìyá rẹ àgbà ti ń retí mi. Mo lálàá rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo mú un dání, mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Dao wo ẹ̀rín yẹn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín tún ìrọ̀rí ṣe." Ohun tó sọ nìyẹn. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yọ, Bàbá Inta ti lọ.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan la da omi olóòórùn dídùn sí òkú bàbá lọ́wọ́ láti tọrọ àforíjì, bí àṣà wa. Saeng ló wẹ̀ ẹ́. Ẹ ò tíì rí ẹni tó ń tọ́jú òkú bíi Saeng. Kì í pe òkú ní òkú. Yóò máa bá a sọ̀rọ̀ ni, bíi pé ó wà láàyè: "Yíjú sí ìhín díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Omi ò tutù púpọ̀, àbí?" Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ń fi èjìká nù ún torí pé ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Inta, ya ẹnu. Mo ti mú un wá. Wò ó, mi ò tàn ẹ́."

Ó fi owó náà sí i lẹ́nu. Dao dúró síbẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀, ó rí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, Chalong, tó ti Chiang Mai dé. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé: iná á sun ún, owó á jáde ní dúdú bí gbogbo owó tó bá ti inú iná jáde, wọn á sì fi kọ́ mi lọ́rùn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohun tó rò nìyẹn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Orí pápá lẹ́yìn tẹ́ńpìlì la ti sun ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a padà lọ kó egungun. Chalong gbé àwo òdòdó dání, Buaphan gbé omi àgbọn tí a ó fi fọ egungun. Saeng kúnlẹ̀, ó ń fi ẹ̀mú ọparun wá inú eérú níbi tí orí wà. Ó mú nǹkan kan jáde. Ó wò ó. Ó tún wò ó.

Kì í ṣe owó. Kókó òjé ni, ó ti yọ́ bí ọ̀rá, ó lẹ̀ mọ́ èédú. Kò sí ojú, kò sí ẹ̀yìn. Fàdákà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fàdákà á dúdú, ṣùgbọ́n orí ọba á ṣì wà lára rẹ̀, ọmọdé á sì mọ̀ ọ́n.

"Saeng," ni Chalong wí, "owó bàbá mi dà?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń wò yìí."

"O ò mọ̀? Ta ló fi sí i lẹ́nu? Ta ló dá wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí gbogbo wa lọ jẹun? Àwọn ará Bangkok tó ti ń wá a láti ọdún pípẹ́, ṣé wọn ò mọ ilé rẹ ni?"

"Chalong! Èmi tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn kọjá odò lọ sílé ìwé?"

"Ìyẹn ò kàn mí. Tú àpò rẹ!"

Saeng ò janpata. Ó tú àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀, níwájú eérú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Aṣọ ìnujú, tábà, ọmọ ayò kan tó fọ́ létí. Kò sí nǹkan mìíràn. Chalong ní ó ti tà á nìyẹn. Àwọn èèyàn ń kùn wùùwùù. Kò sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀ àfi Mun, ọkọ mi, tó ní, "Ẹ ṣe sùúrù o. Bí Saeng bá fẹ́ jalè, ṣé ẹnu Inta ló máa ti bẹ̀rẹ̀? Ó ti sin gbogbo bàbá wa." Wọ́n ní kó panu mọ́. Saeng ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ojú Dao. Dao wo ilẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, àwọn ọmọdé ti ń pè é ní Jẹun-Lẹ́nu-Òkú. Òkú kan ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ àdúgbò, wọn ò pè é. Lọ́jọ́ tó di ẹrù rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì adágún, ilé ìwé ni Dao ti ń bọ̀, ó sì pàdé rẹ̀ létí omi. Saeng kò bínú sí i. Ó tiẹ̀ ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Má jẹ́ kí ìyá rẹ sunkún jù." Ọ̀rọ̀ yìí ló já ọmọ náà láyà.

Ọ̀dọ̀ mi ló sáré wá. Ó wólẹ̀ sáàárín koríko tí mo sá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: Praewa, Thawi, aṣọ, ayédèrú, ìrọ̀rí. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ dáhùn. Mo gbá a létí. Lẹ́yìn náà mo fà á mọ́ra, àwa méjèèjì jọ ń sunkún.

Mo fà á lọ́wọ́ lọ bá Buaphan. Mo rò pé yóò pariwo, yóò mú ẹgba. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, òórùn ẹja ṣì wà lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìdúró: "Tìẹ ni. Bàbá ti ní tìẹ ni. Dao, ohun tó jẹ́ tìẹ lo jí."

Lọ́jọ́ ìsìn, níwájú gbogbo èèyàn nínú tẹ́ńpìlì, Dao mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì jẹ́wọ́. Chalong gbọ́, ó bo ojú rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa iye nǹkan tí irọ́ ti máa wó lójú ọ̀nà kí òtítọ́ tó bá a.

A wọ ọkọ̀ ojú omi, a gbé òdòdó, àbẹ́là àti tùràrí lọ bẹ Saeng. Chalong dọ̀bálẹ̀, Dao fi iwájú orí kanlẹ̀, kò lè gbé e sókè.

"Dìde, ọmọ mi," ni Saeng wí. "Mo ti dárí jì ọ́. Pé o mú owó, ọmọdé ni ọ́, ọmọdé á ṣiṣẹ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń tú àpò mi níwájú eérú Inta, mo wojú rẹ. O wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lẹ́nu rẹ. Ìyẹn ló ń dùn mí."

"Ẹ padà wálé, bàbá," ni Buaphan bẹ̀ ẹ́. "Ẹ wá máa ṣiṣẹ́ yín. Ta la tún ní?"

Ó mi orí. "Ẹni tí wọ́n bá ti pè lólè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, òkú wo ni yóò tún gbé tí wọn ò ní máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Òjò rọ̀, òjò dá, òtútù tún dé. Mun ọkọ mi sùn, kò jí mọ́.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan láti ìgboro la háyà. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n sì ń kánjú torí wọ́n ní òkú mìíràn ń dúró dè wọ́n. Wọn ò béèrè orúkọ rẹ̀. "Ẹ gbé òkú síhìn-ín. Ẹ yí òkú pa dà." Mo fẹ́ẹ̀ ya wèrè! Mun ló ń jẹ́! Omi tútù ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá omi náà tutù. Dao ló gbé bàsíà. Ó ti dàgbà kọjá ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà yẹn, kì í rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tó ku owó ẹnu ni mo rí Saeng. Ó ti dé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ògiri. Mo dìde, mo gbé owó náà lọ bá a. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá Saeng, Mun ni. Òun nìkan ló gbèjà yín. Ẹ wá bá mi fi sí i lẹ́nu. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀."

Ó ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

"Chanta, má bínú. Ó wù mí. Láti òdìkejì adágún ni mo ti ń sọ fún ọwọ́ mi méjèèjì pé kí wọ́n ṣe é. Wọ́n kọ̀."

Èmi fúnra mi ni mo fi owó sẹ́nu ọkọ mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìka mi há mọ́ eyín rẹ̀. Mo gbọ́ ẹkún lẹ́yìn mi, bàsíà sì bọ́ lulẹ̀. Dao ni.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ gbọ́ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín ẹlẹ́yà àwọn ọ̀rẹ́ sún yín mú ohun tí kì í ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti yọ̀, tí ẹ ti mú un, ẹ sọ ọ́ kíákíá, kí wọ́n tó gbé ẹ̀bi náà lé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lórí. Dao jẹ́wọ́, a sì dárí jì í, gbogbo wa. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n pe Saeng lólè títí dòní, ẹni tó bá kú ní àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́.